Ọwọ́ Tí Ó Wà Nílẹ̀ Ni Ó Gbé Ọkọ̀ Òfuurufú Dúró

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará ní Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ-ogun, àti irú ìgbésí ayé tí àwọn ènìyàn ń gbé ní ibùdó tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbéra. Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé àlùfáà ni ó yan irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tọ̀ mí wá. Ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú Nàìjíríà, wọ́n sì ti pè é fún ìdánwò. Ìyá náà wí fún mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un kí ó má lọ. Ohun tí ó bá ń fò lókè, ilẹ̀ ni yóò já sí." Mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Mo bi í léèrè irú iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fífò ni mo fẹ́ fò, sà." Mo ní, "Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ni wọ́n fi ọ́ sí ńkọ́?" Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ògo nínú.

Mo kíyèsí i pé ìyá àti ọmọ ṣi ọ̀ràn náà mú bákan náà. Àwọn méjèèjì rò pé awakọ̀ tí ó jókòó lókè nìkan ni ó ń gbé ọkọ̀ náà fò. Nítorí èyí ni ìyá ṣe ń bẹ̀rù, nítorí èyí kan náà sì ni ọmọ ṣe ń yangàn. Èmi fẹ́ fi hàn yín pé ọwọ́ tí ó wà nílẹ̀ ni ó gbé ọkọ̀ òfuurufú dúró. Àti pé bí ọwọ́ náà kò bá ṣe òtítọ́, ìgboyà awakọ̀ kò tó láti mú un padà wálé.

BÍ IBÙDÓ ỌKỌ̀ ÒFUURUFÚ ṢE DÉ ILẸ̀ WA

Àwọn àgbà tí ó wà láàrin wa mọ pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ tí ó wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Láti ìgbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ogun ni ó sọ apá ilẹ̀ wa di ojú ọ̀nà ńlá fún ọkọ̀ òfuurufú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, Ítálì dara pọ̀ mọ́ Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Òkun Mẹditaréníà sì di ọ̀nà ewu fún ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ ọkọ̀ ogun òfuurufú ní Íjíbítì kíákíá. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tú àwọn ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n dì wọ́n sínú àpótí ńláńlá, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Takoradi, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Níbẹ̀ ni a ti ń tò wọ́n padà, tí a sì ń dán wọn wò.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 ni ọ̀wọ́ kìn-ín-ní gbéra. Ọkọ̀ Blenheim kan ni ó ṣíwájú, Hurricane mẹ́fà sì tẹ̀ lé e, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń wà nínú Hurricane, ó sì ṣòro fún un láti máa wa ọkọ̀ kí ó sì tún máa wá ọ̀nà lórí ilẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Wọ́n gba Èkó kọjá, wọ́n dé Kánò, wọ́n dé Máídúgùrì, wọ́n la ilẹ̀ Sudan já títí wọ́n fi dé Íjíbítì. Ìrìn náà tó nǹkan bí 3,700 máìlì. Kí iṣẹ́ ọ̀nà náà tó parí, ọkọ̀ tí ó ti gba ibẹ̀ kọjá lé ní 5,000.

Ẹ wo ohun kan nínú ìtàn yìí. Hurricane kò lè gbé epo tí yóò mú un rìn jìnnà. Àfi kí ó máa bà ní ibùdó kan dé èkejì, bí oníṣòwò ayé àtijọ́ tí ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn. Ní gbogbo ibùdó wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tí ń ro epo sínú ọkọ̀, àwọn tí ń nu eruku aṣálẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnì, àwọn tí ń se oúnjẹ, àti àwọn tí ń ṣọ́ òru. Àwọn awakọ̀ ni ìwé ìròyìn ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ àwọn ará ilẹ̀ wọ̀nyí bá ti kúrò níbẹ̀, ọ̀nà náà ti dí.

Àwọn ọmọ wa pẹ̀lú fò nínú ogun náà. Ní ọdún 1942 ni wọ́n fi Peter Adéníyí Thomas, ọmọ Èkó, joyè ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni kìn-ín-ní nínú àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó gba irú ipò bẹ́ẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ni ó pa á ní ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1945, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kí ó parí.

Ní àkókò ogun yẹn kan náà ni a la pápá Ìkẹjà. Nígbà tí àlàáfíà dé, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a dá sílẹ̀ ní 1946 fi ibẹ̀ ṣe ojúkò rẹ̀. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, Nàìjíríà rí i pé ó yẹ kí òun ní ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú ti ara rẹ̀. A kọ́kọ́ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní Etiópíà, ní Kánádà àti ní Íńdíà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni òfin fi ìdí ẹgbẹ́ náà múlẹ̀. Àwọn ará Jámánì ni ó wá ràn wá lọ́wọ́, Gerhard Kahtz sì ni olórí wọn. Kàdúná ni a sì fi ṣe ibùdó ńlá àkọ́kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn awakọ̀. Ní 1966, George Kurubo di ọmọ Nàìjíríà kìn-ín-ní tí ó ṣe olórí wọn.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ó sì parí ní 1970. Lẹ́yìn ogun yìí ni àwọn ibùdó náà gbilẹ̀. Láti 1975 lọ ni ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí à ń pè ní C-130 bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Ìkẹjà. Ní Makurdi ni a kó àwọn ọkọ̀ tí ń sáré jù sí. Ní Kainji ni a kó àwọn Alpha Jet sí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tiwa níhìn-ín, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní ibùdó ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè ni mo ń sọ.

OHUN TÍ Ó Ń GBÉ ỌKỌ̀ DÚRÓ LÓKÈ

Bí ẹ bá jókòó nínú mọ́tò tí ń sáré, tí ẹ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, tí ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sílẹ̀, tí ẹ sì gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé afẹ́fẹ́ ń gbé ọwọ́ yín lọ sókè. Bí mọ́tò bá dúró, agbára náà a sì tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni apá ọkọ̀ òfuurufú rí. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, apá rẹ̀ a máa ti afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà a sì máa ti apá sí òkè. Eré ni ó ń gbé e. Bí eré bá dínkù ju bí ó ti yẹ lọ, apá kò ní rí ohun fi ara tì mọ́.

Ẹ́ńjìnì ni ó ń fún un ní eré náà. Àwọn ọkọ̀ kan ń lo abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí bìrìbìrì níwájú ẹ́ńjìnì. Àwọn mìíràn ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti iwájú, wọ́n ń fún un pọ̀, wọ́n ń da epo sí i, wọ́n ń tiná bọ̀ ọ́, iná náà sì ń tú jáde lẹ́yìn pẹ̀lú ariwo tí ń mú kí àwọn ọmọ wa sáré jáde wò. C-130 tí mo dárúkọ ní ẹ́ńjìnì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì tó mítà 40. Ó lè gbé ẹrù tí ó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 20, ó sì lè bà sí ilẹ̀ tí a kò da ọ̀dà sí. Ní 1954 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ fò, a sì ń lò ó títí di òní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà Iléṣà, awakọ̀ yóò tì í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, yóò sì ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Kò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní òfuurufú. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá kú lókè lè rọra máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ bí àwòdì tí ó na apá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ó rí ibi tí yóò bà sí kí ó tó kan ilẹ̀. Nítorí èyí, iṣẹ́ àtúnṣe tí à ń ṣe fún mọ́tò lẹ́yìn tí ó bá ti bàjẹ́, a ní láti ṣe é fún ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó bàjẹ́. Gbogbo ìṣe ilé àti ti ibi iṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ òfuurufú, orí òfin kan yìí ni ó dúró lé.

OWÚRỌ̀ NÍ IBÙDÓ

Kí oòrùn tó yọ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan yóò rin ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sá lórí rẹ̀, wọn yóò máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù. Kí ni wọ́n ń wá? Òkúta wẹ́wẹ́, ìṣó, ègé okùn, ìdérí ìgò. Ẹ́ńjìnì tí ń fa afẹ́fẹ́ yóò fa òkúta mọ́ ọn pẹ̀lú, òkúta kan tí kò tó ẹyin àdàbà sì lè ba ohun tí ó ná ìlú ní owó gọbọi jẹ́. Àwọn mìíràn ń lé ẹyẹ. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, lékeléke fẹ́ràn koríko tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àwòdì sì fẹ́ràn ibi tí a ń da pàǹtí sí. Ẹyẹ tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́ lè já ọkọ̀ ogun lulẹ̀ bí ó bá kó sí ẹ́ńjìnì rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń gé koríko àti ẹni tí ń kó pàǹtí wà lára àwọn tí ń dáàbò bo awakọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ epo. Epo tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń jó jẹ́ irú kẹrosíìnì kan. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí omi bá wọ inú kẹrosíìnì àtùpà: iná a máa ta pàrà-pàrà, a sì kú. Àtùpà tí ó kú nínú yàrá kò pa ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ní ibùdó, wọn a máa fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àgbá inú ọkọ̀ sínú ìgò funfun, wọn a sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Omi wúwo ju kẹrosíìnì lọ, ìsàlẹ̀ ìgò ni yóò sì wà bí ó bá wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí. Ẹni tí ó bá rò pé lánàá ni òun ti wò ó, nítorí náà kò sí ohun tí yóò ṣe é lónìí, gbàgbé pé ìrì ń sẹ̀ lóru, omi sì lè ti inú afẹ́fẹ́ wọ àgbá.

Àwọn kan tún wà tí ń wo ojú ọjọ́. Ní àkókò ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ a máa bo ojú ọ̀run títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, awakọ̀ kò sì ní rí ọ̀nà tí yóò bà sí. Ní àkókò òjò, ìjì a máa dìde ní ọ̀sán. Ẹni tí ó wà ní ilé ìṣọ́ gíga ń fi ẹ̀rọ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, òun ni ó sì ń sọ fún un ìgbà tí ó lè gbéra àti ìgbà tí ó lè bà. Bí ó bá sọ pé kí ó dúró, awakọ̀ a dúró, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú ilé gbọ̀ngàn tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Lára ògiri, ẹ ó rí pátákó tí a kun àwòrán sípánà, òòlù àti gbogbo irinṣẹ́ sí. Olúkúlùkù sì ń gbé lórí àwòrán tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, tí àwòrán sípánà kan sì ṣófo lára pátákó, ọkọ̀ náà kò ní gbéra títí a ó fi rí sípánà náà, nítorí ó lè jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni ẹnì kan gbàgbé rẹ̀ sí, níbi tí ó ti lè há okùn tí ń darí ìrù tàbí apá rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó sọ ọ́ nù jẹ́ ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, kí àyà rẹ̀ máa já. Ibùdó tí ó dára ni èyí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè jáde wá, kí ó wí pé, "Èmi ni mo sọ ọ́ nù," tí a kì yóò sì fi ìyà òtítọ́ jẹ ẹ́. Bí a bá ń na ẹni tí ó jẹ́wọ́, ní ọjọ́ mìíràn yóò lọ ra sípánà mìíràn lọ́jà fi sí ojú àwòrán náà, gbogbo ènìyàn yóò sì rò pé àlàáfíà ni.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Ohun tí a tú, ohun tí a pààrọ̀, epo tí a rọ, gbogbo rẹ̀ ni a ń kọ sínú ìwé náà, ẹni tí ó ṣe é a sì fi ọwọ́ sí i. Ní ti iṣẹ́ tí ó ṣe kókó, ẹlòmíràn tí kò bá a ṣe é ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà yóò sì fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Nígbà tí awakọ̀ bá dé, ìwé yìí ni yóò kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà yóò rìn yí ọkọ̀ ká, yóò máa fi ọwọ́ kan taya, apá àti ìrù rẹ̀, yóò sì ka àwọn èèkàn irin tí a so ribọ́ọ̀nù pupa mọ́, tí a ti yọ kúrò lára rẹ̀, bóyá wọ́n pé. Síbẹ̀ kò lè tú ẹ́ńjìnì wò. Ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnì, ìwé ni ó fi gbàgbọ́. Ẹ̀mí rẹ̀ wà lábẹ́ kálàmù ẹni tí ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra, àwọn panápaná a jókòó nínú ọkọ̀ wọn ní ìmúrasílẹ̀. Àwọn tí ó kù nílẹ̀ ń padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n etí wọn wà lókè. Wọ́n mọ iye tí ó jáde, wọn a sì máa ka iye tí ó padà.

ILÉ ÀTI ÌDÍLÉ

Àwọn tí kò dé báráàkì rí a máa rò pé ìbọn nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ìlú kékeré ni. Ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ, ilé ìwòsàn wà, ilé ìsìn wà fún Kristẹni, mọ́ṣáláṣí sì wà fún Mùsùlùmí. Mámi máàkẹ́ẹ̀tì wà, níbi tí àwọn ìyàwó ọmọ-ogun ti ń ta àmàlà àti tùwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà lè jẹ́ aládùúgbò ọmọ Tífì, kí àwọn ọmọ wọn sì máa gbọ́ èdè ara wọn. Bí ìwé àṣẹ bá dé pé kí bàbá lọ sí Máídúgùrì tàbí Yọlá, ìdílé a di ẹrù, ọmọ a fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàrin ọdún, ìyàwó a fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀. Inú ilé ni iná iṣẹ́ náà ti ń jó wọn jù.

Ìyàwó awakọ̀ àti ìyàwó mẹkáníìkì ń gbé ní ọgbà kan náà. Bí ọkọ̀ kan bá pẹ́ kí ó tó dé, ìyàwó awakọ̀ a máa wo ojú ọ̀run. Ìyàwó mẹkáníìkì pẹ̀lú a máa wò ó, nítorí ó mọ orúkọ tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà.

NÍGBÀ TÍ ÌJÀǸBÁ BÁ ṢẸLẸ̀

N kò fẹ́ tan yín jẹ, pàápàá ẹ̀yin ìyá. Iṣẹ́ náà ní ewu. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1969, Shittu Àlàó, tí ó jẹ́ olórí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú nígbà náà, kú nínú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń wà, nígbà tí ó já lulẹ̀ ní Uzebba, ní ìhà Benin. Ipò gíga kì í mú kí ilẹ̀ rọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, C-130 kan gbéra ní Ìkẹjà. Kò pẹ́ tí ó gbéra ni àwọn ẹ́ńjìnì rẹ̀ kùnà, ó sì já sínú àbàtà ní Èjìgbò. Èjìgbò ti Èkó ni mo wí, kì í ṣe Èjìgbò tiwa tí ó wà lọ́nà Ìwó. Ó lé ní 150 ènìyàn tí ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí wọ́n ṣì wà ní agbedeméjì iṣẹ́ wọn. Kò sí ẹnì kan tí ó yè. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀fọ̀ wọ ilé ní gbogbo ìhà ilẹ̀ yìí. N kò ní í di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni ní orí pẹpẹ yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnì mẹ́rin, tí a ṣe kí ó lè máa fò bí ọ̀kan bá kú, kò lè dúró lókè bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn bá dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta yàtọ̀ sí méjì ìṣáájú. Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọbìnrin láti Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni obìnrin kìn-ín-ní tí ó wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ó gba àmì ẹ̀yẹ awakọ̀. Ó fò lọ dojú kọ àwọn ọlọ́ṣà inú igbó, ó sì padà láìfarapa. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2020, nínú ọgbà ibùdó Kàdúná, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ń fi ẹ̀yìn rìn kọlù ú, ó sì kú. Ẹni ọdún 24 ni. Òkè tí ìyá a máa bẹ̀rù kọ́ ni ó pa á. Ilẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nínú ọgbà ibùdó jẹ́ gbèsè ìṣọ́ra kan náà tí ẹni tí ń wa ọkọ̀ òfuurufú jẹ.

Ìlú pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Ní àwọn ọdún 1980, Nàìjíríà ra ọkọ̀ ogun Jaguar 18. Nígbà tí yóò fi di 1991, a ti yọ wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìnáwó wọn. Ọkọ̀ òfuurufú dà bí ẹṣin: kì í ṣe ọjọ́ tí a rà á ni a san owó rẹ̀ tán, koríko rẹ̀ ń bẹ lọ́jọ́ gbogbo. Ní 2021 ni Super Tucano 12 tí a tún rà dé, àwọn ènìyàn sì yọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ó dára kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn, nígbà tí ẹ bá kà á pé a ra ọkọ̀ tuntun, ẹ bèèrè bákan náà pé èló ni a yà sọ́tọ̀ fún ẹ́ńjìnì, fún taya, àti fún owó oṣù àwọn tí ń tún un ṣe. Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

ÈSÌ TÍ MO FÚN ÌYÁ NÁÀ

Mo padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kí n tó fún ìyá rẹ̀ ní èsì, mo fún un ní iṣẹ́ kan. Mo ní kí ó lọ tú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ìyá rẹ̀ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó ti ń sẹ́ èéfín, kí ó nù ún, kí ó sì tò ó padà. Kí ó kọ gbogbo ohun tí ó bá yọ àti gbogbo ohun tí ó bá dá padà sínú ìwé, kí ó sì fi ọwọ́ sí i. Ó rò pé ẹ̀sín ni, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì ó dé. Jẹnẹrétọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìyá rẹ̀ sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí mi, bóòtù kékeré kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, sà. Mo yọ 15, mo dá 14 padà. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsí i, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀." Mo ní, "Kí ni o wá fẹ́ ṣe?" Ó ní, "Mo fẹ́ padà lọ tú u." Ó sì lọ tú u. Ó rí ojú ibi tí bóòtù náà ti yọ, lábẹ́ àgbá epo, níbi tí ìgbọ̀nrìrì ìbá ti máa jin àgbá náà díẹ̀díẹ̀ títí epo yóò fi máa kán sórí irin gbígbóná.

Ní ọjọ́ náà ni mo lọ bá ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wí fún un pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó fò, ẹ máa gbàdúrà fún àwọn tí ó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ kí ó máa tún ọkọ̀ ṣe, ẹ mọ̀ dájú pé ìyá mìíràn wà níbì kan tí yóò sùn dáadáa nítorí ọmọ yín." Ìyá náà kò dá mi lóhùn títí. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé irú bàtà wo ni wọ́n ń rà lọ síbi ìdánwò náà.

Ọ̀rọ̀ mi parí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ ariwo ọkọ̀ òfuurufú lórí Òṣogbo, tí àwọn ọmọ yín sáré jáde tí wọ́n ń juwọ́ sí awakọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n juwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú nípa ẹni tí ó gbé ìgò epo sókè sí ìmọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.